Ìwé Àwìn

Lórí òkè ní Lota, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú lábẹ́ òkun nígbà kan,
ṣọ́ọ̀bù Orfelina wà ní igun ojú pópó wa.
Bí o bá sanra, ẹ̀gbẹ́ ni wàá fi wọlé.

Ẹyin kan ṣoṣo, yóò tà á fún ọ.
Ìlàjì ọṣẹ, yóò fi ọ̀bẹ gé e.
Kẹrosíìnì ife kan fún ìyá tí òtútù Oṣù Keje ká mọ́lé.
Lábẹ́ káńtà ni ìwé kan wà, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya,
okùn bàtà ló fi dì í.
Orúkọ gbogbo wa ló wà níbẹ̀.
Bàbá mi: búrẹ́dì mẹ́fà, kò tíì.
Opó Nahuelpán: ṣúgà, àbẹ́là méjì, kò tíì.
Orfelina kì í kọ "gbèsè".
"Kò tíì" ló máa ń kọ,
bí ẹni pé owó náà wà lọ́nà, òjò ló dá a dúró.

Nígbà tí ilé ìtajà ńlá dé sí ìsàlẹ̀ òkè,
pẹ̀lú iná tí kì í kú tọ̀sán tòru,
èmi náà lọ. N ò ní purọ́ fún yín.
Igba pẹ́sò ni mo fi jèrè lórí ìrẹsì,
mo sì gba ẹ̀yìnkùlé wálé
kí Orfelina má baà rí àpò ọ̀rá lọ́wọ́ mi.
Àpò náà ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.
Mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ọmọbìnrin tó gbowó lọ́wọ́ mi kò gbójú sókè.
Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ẹ̀rọ ló ń ka ìṣẹ́jú mọ́ ọn lọ́wọ́.
Ojú lọ̀rọ̀ wà, a ò sì rí ojú ara wa.
Owó mi gba inú wáyà lọ sí Santiago;
ibi tó tibẹ̀ gbà, n ò mọ̀.
Èyí tí mo máa ń fún Orfelina, mo mọ ẹsẹ̀ rẹ̀:
a dé ọwọ́ Belarmino tó ń yan búrẹ́dì,
Belarmino a fi ra igi ìdáná lọ́dọ̀ Custodio,
Custodio a gbé e fún ìyàwó mi, kó bá a rán ṣòkòtò,
ìyàwó mi a gbé e kalẹ̀ níwájú mi lórí tábìlì,
ó ti rùn èéfín, ó ti rùn ìyẹ̀fun,
owó kan náà, ó ti jẹun nílé mẹ́rin.

Lóru tí ilẹ̀ mì,
iná lọ, omi lọ, afárá já.
Ilé ìtajà ńlá fa ilẹ̀kùn irin wálẹ̀.
Ẹni tó lè sọ pé kí wọ́n ṣí i wà ní Santiago,
tẹlifóònù kò sì lọ.
Orfelina fi aṣọ ìnuwọ́ di iwájú orí tó ń ṣẹ̀jẹ̀,
ó ti àbẹ́là bọ ẹnu ìgò,
ó ṣílẹ̀kùn.
Kò béèrè owó.
"Ẹni mélòó ló wà nílé?" ló ń bi wá, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó kàn mí, mo wolẹ̀.
Ó ṣí ìwé dé orúkọ mi.
Ọdún méjì ni mi ò ti ra nǹkan kan.
Ó rí i. Mo rí i pé ó rí i.
Ó tọ́ lẹ́ẹ̀dì lẹ́nu, ó kọ ọ́:
Ìrẹsì. Kò tíì.

Ọmọ mi ń bi mí lónìí
bóyá mi ò mọ̀ pé ìrẹsì Orfelina fi igba pẹ́sò wọ́n jù.
Mo mọ̀.
Igba pẹ́sò yẹn gan-an ni mo ń san padà.
Kò tíì tán.