Àmì Pẹ́ńsùlù Lára Ògiri

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ń kan ilẹ̀kùn Ìyá Wiesława
ní Greenpoint, nítòsí odò Newtown
tí omi rẹ̀ ti gbàgbé bí a ti í ṣàn.
Yóò kọ́kọ́ wo àtẹ́lẹ̀ bàtà mi kó tó jẹ́ kí n wọlé.
Lẹ́yìn náà, àtẹ̀gùn mọ́kànlá, ó di abẹ́ ilé.

Kànga kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í pọn mu,
ẹnu rẹ̀ kò ju ti agolo mílíìkì lọ.
Mo ju tẹ́ẹ̀pù sínú rẹ̀. Bó bá kan epo, a ké.
Bó bá kan omi, a yí ohùn padà.
Ohun tó wà láàárín ohùn méjèèjì
ni wọ́n ń sanwó fún mi kí n máa kọ sílẹ̀.

Ta ló dà á síbẹ̀? Ẹ bi ilé-iṣẹ́ wò:
wọ́n rà á lọ́wọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́ ẹni tó ti kú.
Páìpù jò, wọ́n dákẹ́. Àgbá jò, wọ́n bu yẹ̀pẹ̀ bò ó.
Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà;
epo yọ́ rìn lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, lábẹ́ ilé búrẹ́dì,
lábẹ́ ibùsùn àwọn tó ti Poland dé
tí wọ́n rò pé bí Amẹ́ríkà ṣe ń rùn nìyẹn.

“Mélòó lónìí?”
Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo na odindi apá mi.
Ó mú pẹ́ńsùlù, ó fàlà sára ògiri
lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìlà àtijọ́ kan:
Bogna, ọdún mẹ́ta. Bogna, mẹ́fà. Bogna, mẹ́sàn-án.
Kò sí mẹ́wàá.
Mi ò bi í. Dókítà ò sọ pé epo ni,
dókítà ò sì sọ pé kì í ṣe epo.

Ọdún mẹ́rìnlá rèé tí ẹ̀rọ ń fà á tọ̀sán tòru,
ó ń ráhùn bí àgbà tí oorun kọ̀.
Ìlà ń sọ̀ kalẹ̀: ìgbọ̀nwọ́, ọrùn ọwọ́, ìka kan.
Lánàá, tẹ́ẹ̀pù ké lẹ́ẹ̀kan péré. Mo tún un jù. Omi ni.

“Kò sí mọ́,” mo wí. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó fimú sẹ́nu kànga.
“Tẹ́ẹ̀pù rẹ ò nímú,” ó ní.
Òótọ́ ni. Yẹ̀pẹ̀ tó mu epo lọ́gọ́rùn-ún ọdún
kì í bì í tán lọ́jọ́ kan.

Síbẹ̀ ó fa ìlà náà, nílẹ̀ pátápátá,
níbi tí ògiri ti pàdé sìmẹ́ńtì.
Eékún rẹ̀ dún. Mo nawọ́ sí i, kò gbà á.
“Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀,” ó ní, “má pẹ́.”