Ìlà Kẹta

Yìnyín ṣì kù lábẹ́ igi, ó ti dọ̀tí bí àkísà ìnukòkò,
nígbà tí Verna Lussier kanlẹ̀kùn mi ní kùtù hàì.
Kò kí mi. Ó ní, “Ó ti jáde.”
Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà, mo tẹ̀lé e.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń ka béárì dúdú
nínú igbó ẹ̀yìn adágún wa, ní àríwá Minisótà.
Yunifásítì kọ́ ló rán an. Ìjọba kọ́ ló ń sanwó fún un.
Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni, ó ti fẹ̀yìn tì.
Ẹni tó ti ka ọmọ ọlọ́mọ wọkọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún,
ojú rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn tì.

A jókòó sórí ìtì igi, a panu mọ́.
Omi yìnyín ń kán, tó, tó, tó, sórí ewé èṣí.
Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá: imú yọ
lábẹ́ gbòǹgbò igi tí ìjì hú.
Imú náà ka afẹ́fẹ́ bí afọ́jú ṣe ń fọwọ́ kàwé,
ó kà wá dópin, ó ṣí ojú-ewé wa kọjá.

Ó ti rù. Awọ ń fì lára rẹ̀
bí ẹ̀wù bàbá lọ́rùn ọmọ.
Láti oṣù kẹwàá, oúnjẹ kò kan ètè rẹ̀, omi kò kàn án;
oorun ló ń sùn, ojú oorun ló bímọ sí,
ọ̀rá ara rẹ̀ ló yọ́ di wàrà.
Ẹ wo bí ìyà ṣe fẹ́ jọ ìyá:
àmì ohùn kan péré ló là wọ́n.

Ọmọ kan rọ́ jáde. Verna fa ìlà kan sínú ìwé.
Èkejì fẹ̀yìn rìn jáde, bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀.
Ìlà kejì.
A dúró. Pẹ́ńsùlù dúró.
Ìkẹta kéré, kò ju ológbò lọ,
àyà rẹ̀ funfun níbì kan, bí ìgbà tí wàrà kán sí i lára.
Ìlà kẹta.

Ìyá fẹ̀yìn ti igi páìnì ńlá, ó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́yà.
Bí wọ́n ti ń mu ni wọ́n ń kùn,
ìró kan bí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tàn tí wọn ò tíì wà.
Verna rẹ́rìn-ín sínú kọ́là.

Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin Toivo Niskanen bú lójú ọ̀nà agégẹdú.
Ìyá fẹ́ èémí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: hùn!
Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dókè, èèpo igi ń já bọ́ ṣàràṣàrà.
Toivo ò rí nǹkan kan. Ó juwọ́ sí wa, ó kọjá lọ.
(Lẹ́ẹ̀rùn èṣí, béárì fọ́ ilé oyin rẹ̀ mẹ́rin.
Ó gbé ìbọn jáde, ó tún gbé e padà wọlé.
Kò sọ ìdí rẹ̀ fẹ́nì kan.)

Oṣù karùn-ún, ọjọ́ kejì: mẹ́ta. Ìyá ń jẹ òdòdó igi wílò.
Ọjọ́ kẹsàn-án: òjò. A ò rí wọn. Ìgbẹ́ nìkan, koríko kún inú rẹ̀.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún: ìyá ń fèékánná tú ìtì jíjẹrà, ó ń lá èèrà.
Méjì.

Mo wo òkè páìnì, ẹ̀ka tẹ̀lé ẹ̀ka.
Mo ní, “Bóyá akọ béárì ni. Bóyá odò.”
Verna kò fèsì. Ìyá ti ń lọ, méjì ń sáré lẹ́yìn rẹ̀.
Létí ẹrẹ̀, ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn.
Verna kọ ọ́ sílẹ̀: “Ó bojú wẹ̀yìn.”
Ìwé àkíyèsí kì í mọ ìdí.

Mo gbé àpò mi. Ó dì mí lápá aṣọ mú.
“Bí ọmọ kan kò bá tíì yọ,” ó ní,
“mo máa ń fún un ní ìṣẹ́jú méjì sí i.”
Mo mọ̀. Mo ti sáré bá ọkọ̀ yẹn rí,
okùn bàtà ní títú, búrẹ́dì lẹ́nu.

Mo tún jókòó.
Ẹ̀fọn àkọ́kọ́ ọdún bà lé mi lọ́wọ́.
N ò pa á.