Ọ̀kan Tó Ṣẹ́kù

Ní Daugavpils, níbi tí ojú irin ti ń yà bí ẹ̀ka igi,
Vizma ló ń kọ nọ́ńbà àwọn ọkọ̀ ẹrù sílẹ̀ lóru.
Ogún ọdún ó lé. Yìnyín kò jọ ọ́ lójú mọ́.
Zintis, ọmọ iṣẹ́, a tan tọ́ọ̀ṣì sí ara irin,
a ké nọ́ńbà síta, èéfín ẹnu rẹ̀ a ṣáájú ọ̀rọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkọ̀ èédú kan wọlé:
ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Vizma kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ṣí ojú ìwé.
"Jẹ́ ká yẹ èyí wò."

Ó pín in sí méjì, ọ̀kan kù.
Ó pín in sí mẹ́ta, ọ̀kan kù.
Àrún dé, ó jẹun yó, ó fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú àwo.
Èje bẹ́ẹ̀. Ọ̀kànlá bẹ́ẹ̀.
Ẹ̀tàlá tí àwọn ará ibẹ̀ ń sá fún, òun náà bẹ́ẹ̀:
ọ̀kan, ọ̀kan ṣá,
bí ọmọ tí gbogbo ẹbí gbàgbé sí ibùdókọ̀.

Vizma rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ àṣírí wọn.
Fi àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sọ ara wọn di púpọ̀,
wàá bá ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó lé ọgbọ̀n géérégé;
wọ́n jọ ni ín ni, kò sí ìjà.
Èyí tó fi ọ̀kan lé e ni kò ní bàbá.
"Kò ṣeé pín," ó wí. "Ó dá dúró."
Zintis ní, "Ṣé ẹ ti bi àwọn yòókù?"

Kò bi wọ́n. Ìbéèrè yẹn ta á bí omi tútù lára eyín.
Ó yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí.
Mẹ́tàdínlógún fi mẹ́sàn-án sílẹ̀.
Mọ́kàndínlógún fi mọ́kànlá.
Mẹ́tàlélógún, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n:
mẹ́rìndínlógún, mẹ́rìndínlógún, bí ẹni pé wọ́n jọ pète rẹ̀.
Tíì tutù nínú ife.
Ọkọ̀ mẹ́rin wọlé, mẹ́rin jáde, ó kọ wọ́n láì gbójú sókè.
Mẹ́tàléláàádọ́ta náà kọjá, ó fọ́n mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan wọlé jẹ́ẹ́,
tí kò fi nǹkankan sílẹ̀.

Ní èdè Vizma, àádọ́ta àti mẹ́sàn-án lásán ni orúkọ rẹ̀.
Èdè tèmi ló pè é bó ṣe rí:
ọgọ́ta tí ọ̀kan dín lára rẹ̀.
Àwọn tó kọ́kọ́ dé, gbogbo wọn ló ní ọ̀kan tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí;
ẹni tí ọ̀kan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ ló wá a rí.

Vizma fa ilà. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́sàn-án ni ìkejì rẹ̀.
Ó yẹ ìyẹn náà wò, fínnífínní lọ́tẹ̀ yìí,
ìyẹn kọ̀ fún gbogbo wọn lóòótọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ èédú ti gba ọ̀nà Ventspils lọ,
ẹrẹ̀ ti bo ìdajì nọ́ńbà ara rẹ̀.
Vizma ra búrẹ́dì gbígbóná fún Zintis,
kò sì bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé ẹnu géètì.