Ó Lé Kan, Ó Dín Kan

Ní Winnipeg, lóṣù Kìíní,
òtútù kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.
Aago méjì òru, fóònù mi gbọ̀n:
ẹ̀rọ amúlégbóná ilé àwọn àgbà, ní òpópónà Sargent.
Méjì ni wọ́n, wọ́n ń gbaṣẹ́ fúnra wọn:
bí òǹkà bá pín sí méjì gérégé, kí ti ọ̀tún jó,
bó bá ṣẹ́ kù, kí ti òsì jó.
Èmi ni mo kọ ọ́. Ìlà kan ṣoṣo ni:
pín in sí méjì, wò ó bóyá ó ku ọ̀kan.
Ìgbà oòrùn ni mo dán an wò.
Mẹ́ta, ó ku ọ̀kan. Mẹ́tàdínlógún, ó ku ọ̀kan.
Mo gbowó iṣẹ́ mi, mo sùn.

Ta ló rántí pé òǹkà a máa rìn lọ sísàlẹ̀ òdo?
Lóru òní ó fi mọ́kànlélọ́gbọ̀n dín ní òdo,
ti òsì dákẹ́ bí ẹni tí a ò pè,
ti ọ̀tún ń dá ṣiṣẹ́ ẹni méjì títí ó fi kú.
Rodelio tó ń ṣọ́lé ní òun ti ń pín aṣọ ìbora,
pé Ìyá Halldóra ti wọ bàtà sùn.

Mo bi kọ̀ǹpútà: kí ló kù lọ́wọ́ rẹ ná?
Ó ní: ó dín ọ̀kan.
Kò purọ́. Èmi ni mo ń béèrè bóyá ó lé.

Ojú tì mí,
èmi tí ìyá bàbá mi fi ẹ̀kùrọ́ kọ́ ní kíkà:
mọ́kànlélógún, ogún ó lé kan;
mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n ó dín kan.
Èyí tó lé, èyí tó dín,
kò sí èyí tó rí ẹnìkejì mú relé.
Ìbọ̀wọ́ ọmọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹyọ kan, pupa;
ìkejì wà lábẹ́ yìnyín níbì kan, ó di ìgbà tó bá yọ́.
Ṣé tẹnu ọ̀nà ló lé ni, àbí tinú yìnyín ló dín?
Ọwọ́ tó tutù ò mọ ìyàtọ̀.

Mo yí ìlà náà padà:
má bi í bóyá ó ku ọ̀kan,
bi í bóyá ó ku nǹkan.

Rodelio ní kí n má tíì pa fóònù.
Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ohùn rẹ̀:
ti òsì wúkọ́, ó tún wúkọ́,
ó jó.
Halldóra sì ń béèrè, láti inú ìbora,
ta ló ń pariwo lóru.