Ọwọ́ Sadíìnì

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi la ikùn ẹja
nílé-iṣẹ́ sadíìnì tó wà létí omi ní Lubec.
Lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa
mo mú ọ̀bẹ mi relé,
àti òórùn kan tí ọṣẹ ò rí mú.

Missis Leavitt ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aláìsàn
láìfọwọ́. Ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ dorí ìka kodò.
Kaylee, ọmọ ọdún méjìdínlógún, ti fọ tirẹ̀ tán,
ó ń wo fóònù;
èmi ṣì ń wá ẹja lábẹ́ èékánná.
Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ,
tèmi ò wọ ibọ̀wọ́ tí wọ́n pín.

Ère ike la fi kọ́ṣẹ́.
A yí i sọ́tùn-ún, a yí i sósì,
a fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì yọ lábẹ́ rẹ̀,
kò wí pé, "Ẹ rọra."
Kò tijú: ojú tirẹ̀, ọ̀dà ni.

Ìdánwò àkọ́kọ́, mo fìdí rẹmi.
Mo wẹ̀ ẹ́, mo nù ún gbẹ, mo sọ bẹ́ẹ̀dì kalẹ̀,
mo wá gbàgbé agogo ìpè sórí àga
níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè dé.
Mo ní, "Ṣé ike ni yóò pè mí?"
Olùdánwò ò rẹ́rìn-ín. Ó kọ nǹkan sílẹ̀.

Oṣù Kìíní. Yìnyín bo àwọn ọkọ̀ ojú omi mọ́lẹ̀.
Wọ́n ní kí n lọ wẹ Bàbá Beal nílé àwọn arúgbó,
tí wọ́n fi àádọ́ta ọdún fa pàkúté lọ́bísítà lójú òkun.
Wọ́n fọwọ́ méjèèjì di bọ́tìnnì pìjámà wọn mú
bí ẹni di okùn ọkọ̀ mú nínú ìjì.
Mi ò fà á. Ike ò kọ́ mi nírú èyí.
Mo kàn jókòó, omi ń tutù nínú báàfù.

Nígbà tó yá, wọ́n fa ọrùn ọwọ́ mi súnmọ́ imú.
Ojú tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀.
"Sadíìnì," ni wọ́n wí.
"Ìyàwó mi, Thelma. Tábìlì kejì, lẹ́bàá fèrèsé."
Wọ́n tú bọ́tìnnì àkọ́kọ́ fúnra wọn.

Mo pààrọ̀ omi. Mo wẹ̀ wọ́n, apá, ẹ̀yìn,
ibi tí ẹnìkan ò fẹ́ kí ẹnìkan rí.
A ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, àyàfi nípa iye tí ẹja jẹ́ láyé ìjọ́un.
Mo bò wọ́n dé àyà.
Mo fi agogo lé wọn lọ́wọ́.

N ò tí ì dé ẹnu ọ̀nà tó fi dún.
"Kò sí nǹkan," wọ́n ní,
"mo kàn ń wò ó bóyá wàá padà ni."