Owó Ìdúró

Nígbà tí mo sọ fún Ṣówẹ̀mímọ́ pé búrékì ni mo fẹ́ pààrọ̀,
ó ń wo ẹnu mi bí ẹni tó ń retí ìyókù ọ̀rọ̀.
"Ẹ́ńjìnì ńkọ́, Tíṣà? Ẹ ò fẹ́ kó máa bú ramúramù?"
Mo ní rárá. Eré sísá,
wọ́n ti kọ́ ọ yé e ní Japáàn.
Ìdúró ló kù díẹ̀ káàtó.

Sẹ́líkà mi rèé: ilẹ̀kùn méjì, imú ṣónṣó,
ó sún mọ́lẹ̀ débi pé
gbogbo gegele Ìbarà ló mọ ikùn rẹ̀.
Àwọn ọmọ kíláàsì mi a kí i kí wọ́n tó kí mi.

Wọn ò mọ̀ nípa alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn,
gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Aké, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá,
òrùlé páànù ìsàlẹ̀ ń sáré bọ̀ wá pàdé mi.
Mo tẹ búrékì, ó rọ̀ bí ògì.
Mo tún un tẹ̀, ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀ ọkọ̀.
Obìnrin kan ń kó ìjókòó oníke wọlé níwájú ṣọ́ọ̀bù,
ó ku ẹyọ kan.
Jíà kejì ló gbà mí,
àti ògiri kan tí mo fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ha.
Obìnrin náà kò tilẹ̀ gbójú sókè.
Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì!
Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí ìjókòó yẹn lójú oorun,
aláwọ̀ ewé, ẹsẹ̀ kan kán.

Owó àjọ oṣù mẹ́jọ bọ́ sí Láfẹ́nwá,
níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ bí ẹran.
Kálípà méjì, tòkúnbọ̀,
ara ọkọ̀ tó ju tèmi lọ ni wọ́n ti tú wọn,
písítìn mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan,
pupa bí ojú ẹni tí kò sùn.
Mùtíátù, ọmọ iṣẹ́, gbé ọ̀kan mọ́ra, ó ní
"Ó wúwo bí ọmọ oṣù mẹ́ta."
Ó sì nù ún bẹ́ẹ̀.

Kálípà wọlé, rọ́ọ̀mù kọ̀.
Irin ń ha irin.
Ṣówẹ̀mímọ́ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan:
"Orí ti ju fìlà lọ, Tíṣà. Ẹ lọ ra fìlà."
Mo ta rédíò ọkọ̀ àti sípíkà ẹ̀yìn rẹ̀,
rọ́ọ̀mù tó fẹ̀ wọlé, orin jáde.
Ìyàwó mi ní kò burú,
ó kéré tán, a ó máa gbọ́ ara wa.

"Tẹ̀ ẹ́!" "Mo ti tẹ̀ ẹ́." "Dì í mú!" "Mo dì í mú."
Ṣówẹ̀mímọ́ tú nọ́ọ̀tù,
afẹ́fẹ́ ń hó pútúpútú nínú ìgò.
Afẹ́fẹ́ tí kò ju ẹyin iná orí lọ,
òun ló fẹ́ sọ mí di apànìyàn.
Mùtíátù ń tẹ̀, ó ń dì í mú, bàtà rẹ̀ já,
títí omi búrékì fi dá ṣáká.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo gbé e lọ Òkè-Mọ́sàn,
mo sáré, mo rọra dín in kù, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá,
kí páàdì àti dísìkì lè mọwọ́ ara wọn.
Lẹ́yìn náà, Aké.
Òrùlé páànù dìde, ó ń bọ̀.
Mo tẹ̀ ẹ́.
Ọkọ̀ tẹ imú balẹ̀
bí ẹni tó pàdé àna rẹ̀ lójijì,
ó dúró.

Obìnrin náà ń kó ìjókòó síta.
"Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ fẹ́ ra nǹkan ni?"
Kí ni kí n wí?
Wọn kì í kí ni kú oríire ohun tí kò ṣẹlẹ̀.
Mo ra ọṣẹ. Kò ní ṣéńjì. Mo ní kó máa mú un.
Ìjókòó náà wà níbẹ̀.
Búlúù ni.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé.