Ẹ̀yìn Ìwé Ni Mo Mọ̀

Lẹ́yìn géètì, ní Sàmárù, níbi tí wọ́n ti ń din kóòsè lárọ̀ọ́,
ṣọ́ọ̀bù mi kò ju bálùwẹ̀ olówó lọ.
Gọ́ọ̀mù, abẹ́rẹ́ ńlá, òwú, páálí dúdú,
àti ẹ̀rọ tí ń fi lẹ́tà wúrà tẹ orúkọ ènìyàn sí ẹ̀yìn ìwé.
Bàbá mi bá rélùwéè ti Ọ̀fà dé Sáríà.
Rélùwéè dáwọ́ dúró. Àwa náà dúró.
Ojúọlápé lorúkọ tí wọ́n sọ mí;
Mama Báídìn ni gbogbo Sàmárù ń pè mí.

N kò jókòó ní kíláàsì wọn rí,
ṣùgbọ́n kò sí ìmọ̀ tí n kò tíì fi àtàǹpàkò tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí gọ́ọ̀mù lè gbẹ.

Tanimu wá lọ́jọ́ Ajé, erùpẹ̀ ṣì wà ní èékánná rẹ̀.
Ọdún mẹ́rin ló fi ń wo ẹ̀pà tí ń ràn,
tó ń ka kòkòrò wínníwínní lára ewé bí ẹni ń yọ iná orí ọmọ.

Mwuese kò mú erùpẹ̀ kankan wá.
Òfo ló ń ṣèwádìí. Bẹ́ẹ̀ ni, òfo:
igba ojú ìwé lórí ohun tó ń sún mọ́ òfo
tó ń sún mọ́ ọn, tó ń sún mọ́ ọn, tí kò débẹ̀.
Mo ní, "Ta ni yóò jẹ nínú èyí?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Mama, ẹ yọ òfo kúrò lára ẹgbẹ̀rún náírà, kí ẹ wo ohun tó kù."
Mo dákẹ́. Mo bá òwú mi lọ.

Rakiya ń gba ohùn àwọn arúgbó abúlé,
orin tí wọ́n máa ń kọ létí ọlọ kí ẹ̀rọ tó dé.
Mẹ́tàdínlógún ló rí.
Méjì nínú àwọn tó kọ ọ́ fún un ti kú kí ìwé tó dé ọwọ́ mi.

Iliya ń fi páìpù gígùn gbẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún,
ó ń kà á ní ìpele-ìpele bí ẹni ń ṣí ọ̀lẹ̀lẹ̀.

Ìwé mẹ́fà wà lórí pẹpẹ tí olówó wọn kò padà wá.
Ọ̀kan dá lórí ewé dongoyárò àti ibà.
Wọ́n ní ibà ló pa ọmọ náà.
Mo máa ń nu eruku orí rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọyẹ́ já ilẹ̀kùn,
ó da gbogbo wọn pọ̀ mọ́ra, ẹ̀pà lórí orin, ẹrẹ̀ lórí òfo.
Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo ń ṣà wọ́n.
Ibẹ̀ ni mo ti rí i.
Tanimu kọ ọ́ pé ọdún kan wà tí irú ẹ̀pà kan parẹ́ ní ìlú wọn.
Iliya rí ìpele kan, ó fẹ́lẹ́, ó funfun,
bí ẹni pé odò gbàgbé láti mí.
Obìnrin kan sì kọrin fún Rakiya pé:
*Ọlọ, rọra, ọkà tó kù kò kún ọwọ́,
ojú ọ̀run ń dán bí àwo idẹ.*
Ọdún kan náà ni. Mo ka déètì lẹ́ẹ̀mẹta.
Ìyá mi sì sọ fún mi pé ọdún yẹn ni wọ́n bí mi,
pé omi tí wọ́n fi wẹ̀ mí, wọ́n rà á ni.

Mwuese nìkan ni kò dárúkọ ọdún náà.
Àmọ́ òjò ọdún náà ńkọ́? Èló ni?

Ta ni n ó sọ fún? Ẹ̀ka wọn jìnnà síra ju Kánò sí Ọ̀fà lọ.
Mo to ojú ìwé padà, mo rán oníkálukú lọ́tọ̀,
bí wọ́n ti sanwó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Rakiya tẹ ojú ìwé orin yẹn ní ẹ̀dà kan lé.
Mo fi há ẹ̀yìn ìwé ẹ̀pà Tanimu, mo fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ kàn án.
Bí ọ̀gá rẹ̀ bá bínú,
ọyẹ́ ni kí ó bá wí.